Atọ́ka volume ń yí ohùn padà lórí àtẹ òwò? Wo ibi mẹ́fà tó yẹ kí oníṣòwò yẹ̀ wò kó tó fi owó sílẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí nǹkan kékeré kan tó ń gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Orúkọ rẹ̀ ni atọ́ka volume onísáà púpọ̀. Ìsàlẹ̀ àtẹ òwò, ìyẹn ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní chart, ló máa ń wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi hàn bí òwò ṣe kún tó láàárín ìṣẹ́jú 15, láàárín wákàtí kan, láàárín wákàtí 4 àti láàárín ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ lójú àtẹ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ti lò ó rí á mọ ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi kàn án. Ní aago 9 àárọ̀, atọ́ka ní ọjà dá. Oníṣòwò jókòó jẹ́ẹ́, kò ra nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó padà wo ibi kan náà lórí àtẹ, ó sì rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Atọ́ka ti wá ń sọ pé láti aago 8 àárọ̀ ni ọjà ti kún fọ́fọ́. Ọ̀dọ́ náà á wá rò pé ojú òun ni kò ríran dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, á fi owó tó pọ̀ sí i sílẹ̀ kí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́.

Ojú rẹ̀ kò ní àrùn. Atọ́ka ló yí ohùn padà, ó sì ní ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí náà ṣeé wá, ó sì ṣeé tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Lọ́dún 2018, àjọ ESMA tó ń mójú tó ọjà ìdókòòwò ní ilẹ̀ Yúróòpù kéde pé láti ìdá 74 sí ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún àkáǹtì àwọn èèyàn lásán tó ń ṣe òwò CFD ló ń pàdánù owó. CFD ni òwò tí èèyàn fi ń dá owó lé bí iye ọjà kan ṣe máa lọ sókè tàbí sódò, láì ra ọjà náà gan-an. Irú òwò yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ghana àti Nàìjíríà ń ṣe lórí fóònù. Kì í ṣe atọ́ka nìkan ló ń fa àdánù náà. Àmọ́ ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ ń ka òǹkà tí kò pé fún un ti jìn sí kòtò kó tó gbéra.

Ohun tí ọjà ọrọọrún ti fi kọ́ni

Sáà púpọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun fún Yorùbá. Láyé àwọn bàbá wa, ọjà ojoojúmọ́ wà, ọjà ọrọọrún wà, ọjà ọjọ́ mẹ́sàn-án náà sì wà. Àwọn Asante tí a bá gbélé náà ní ti wọn: ọjọ́ 42 ni wọ́n ń kà kí Akwasidae kan tó tẹ̀ lé òmíràn.

Ìyá tó ń tajà ní ọjà ojoojúmọ́ tó tún ń ná ọjà ọrọọrún mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò. Kò ní fi ohun tó tà ní àárọ̀ òní wé gbogbo ohun tó tà ní odidi ọjọ́ ọrọọrún tó kọjá, kó wá máa sunkún pé ọjà ti bàjẹ́. Ó mọ̀ pé àárọ̀ ṣì ni, ọjà kò tíì tú. Bákan náà ni kò ní da ọjà Tafo pọ̀ mọ́ ọjà Kejetia kó tó mọ èyí tó ń mú èrè wá.

Ìmọ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò Yorùbá fi ń ṣiṣẹ́ ní Kumasi, kí ìjọba Kofi Busia tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn nígbà náà. Síbẹ̀, wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ọjà tó ti parí àti ọjà tó ń lọ lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀ yẹn àfi tí èèyàn bá sọ fún un. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro atọ́ka yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Wo ibi mẹ́fà tó yẹ kí oníṣòwò yẹ̀ wò.

1. Kí ni atọ́ka yìí ń kà?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, torí pé volume kì í ṣe ohun kan náà lórí gbogbo ọjà.

Ní ọjà ìpín ìdókòòwò Ghana, tó bẹ̀rẹ̀ òwò ní Accra ní oṣù Kọkànlá ọdún 1990, volume ni iye ìpín tó pààrọ̀ ọwọ́. Tí wọ́n bá ní volume MTN Ghana lónìí jẹ́ iye báyìí, iye ìpín tí wọ́n tà tí wọ́n sì rà nìyẹn. Ibi kan ni gbogbo òwò náà gbà kọjá, wọ́n sì kà á.

Òwò owó ilẹ̀ òkèèrè kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, àjọ BIS, tó jẹ́ báńkì àwọn báńkì àpapọ̀ lágbàáyé, ṣírò rẹ̀ pé owó tó ń yí lójúmọ́ nínú òwò yìí tó tírílíọ̀nù 7.5 dọ́là. Àmọ́ kò sí ẹnubodè kan ṣoṣo tí gbogbo owó yẹn ń gbà kọjá. Nítorí náà, ohun tí alágbàtà, ìyẹn broker, ń fi han oníṣòwò ni iye ìgbà tí owó ọjà yí padà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìyípadà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní tick.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni méjì tó dúró ní Kejetia. Ọ̀kan ń ka iye àpò àlùbọ́sà tí wọ́n tà. Èkejì ń ka iye ìgbà tí ẹlẹ́rù yí iye owó padà. Tí ariwo bá pọ̀, ó ṣeé ṣe kí òwò náà pọ̀, àmọ́ òǹkà méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Tick ni ẹnìkejì ń kà.

Wúrà náà rí bẹ́ẹ̀. Wúrà tí wọ́n ń pè ní XAUUSD lórí fóònù, tick alágbàtà ni volume rẹ̀. Àmọ́ ní ọjà COMEX ní New York, àdéhùn gidi ni wọ́n ń kà, àdéhùn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àáńsì 100. Tí òǹkà méjèèjì kò bá bára mu, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Bákan náà, tí ọ̀rẹ́ méjì ní Tafo bá ń lo alágbàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, volume wọn kò ní dọ́gba láéláé. Kí oníṣòwò fi volume alágbàtà rẹ̀ wé ti alágbàtà rẹ̀ kan náà, ti òní pẹ̀lú ti àná.

Ohun kan tún wà níbí tó máa ń da àwọn tó ń lo MetaTrader 5 láàmú. Ètò orí rẹ̀ ní volume oríṣi méjì, Tick àti Real. Lórí owó ilẹ̀ òkèèrè, Real sábà máa ń jẹ́ òdo. Tí atọ́ka bá ṣófo pátápátá, kó tó pe ẹnikẹ́ni, kó wo ètò atọ́ka náà, kó sì yí i sí Tick.

2. Aago ta ni atọ́ka ń lò?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Tafo gan-an. Aago Ghana kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, aago GMT náà ni. Lọ́mẹ̀ àti Tafo ń lo aago kan náà. Èkó àti Kùtọnú fi wákàtí kan ṣáájú. Lọ́ńdọ̀nù àti New York sì máa ń yí aago wọn padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ọ̀pọ̀ alágbàtà tó ń lo MetaTrader máa ń gbé aago ẹ̀rọ wọn sí wákàtí 2 ṣáájú Ghana, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ di wákàtí 3 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn òyìnbó. Wọ́n ń ṣe èyí kí ọjọ́ òwò lè parí nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù ní New York. Ní Tafo, aago 10 alẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, aago 9 alẹ́ ni.

Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pá oníwákàtí 4 lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 àárọ̀ Tafo. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní aago 6, tàbí aago 5 nígbà tí wọ́n bá ti yí aago. Alágbàtà míì tó ń lo aago GMT á bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní aago 8 gẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ méjì á wá máa jiyàn lórí ọ̀pá méjì tí kì í tilẹ̀ ṣe sáà kan náà.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni ti ọjọ́ Àìkú. Aago 10 alẹ́ ọjọ́ Àìkú ní Tafo ni òwò ọ̀sẹ̀ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nígbà òtútù àwọn òyìnbó. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo GMT, wákàtí 2 péré ló kù kí ọjọ́ Àìkú parí, àmọ́ ẹ̀rọ á fi wákàtí 2 yẹn ṣe ọ̀pá odidi ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ á wá ní ọ̀pá mẹ́fà dípò márùn-ún.

Ká ní ọjọ́ òwò gidi kọ̀ọ̀kan ní tick 60,000, tí ọ̀pá ọjọ́ Àìkú sì ní 2,000. Tí a bá ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, tí a pín in sí mẹ́fà, iye àárín á jẹ́ nǹkan bíi 50,333. Atọ́ka á wá máa kígbe lójoojúmọ́ pé volume òní fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ lásán ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí oníṣòwò wo aago tó wà lórí Market Watch nínú MetaTrader, kó fi wé aago ọwọ́ rẹ̀, kó sì kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Kó tún ka ọ̀pá ojoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, kó sọ fún ẹni tó kọ atọ́ka náà pé kó yọ ọjọ́ Àìkú kúrò nínú ìṣirò, tàbí kó lo àtẹ tó ń pa ọjọ́ dé pẹ̀lú New York.

3. Ṣé ọ̀pá náà ti parí?

Ọ̀rọ̀ ọjà tí kò tíì tú la padà dé yìí.

Ká ní alágbàtà kan ń lo aago Ghana, ọ̀pá oníwákàtí 4 sì bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 àárọ̀. Ọ̀pá tó ṣáájú rẹ̀ parí pẹ̀lú tick 24,000. Ní aago 9, ọ̀pá tuntun ti ní 5,000. Atọ́ka fi 5,000 wé 24,000, ó ní ọjà dá. Òwò wákàtí kan ló fi wé ti wákàtí mẹ́rin.

Àwọn kan gbìyànjú láti tún un ṣe. Wọ́n pín 24,000 sí mẹ́rin, ó jẹ́ 6,000 fún wákàtí kan, wọ́n wá ní 5,000 kéré díẹ̀. Èyí náà kò tọ̀nà tán, torí pé òwò kì í dọ́gba ní gbogbo wákàtí. Láti ọ̀sán títí di nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ Tafo, Lọ́ńdọ̀nù àti New York jọ máa ń ṣí, ìgbà yẹn ni ọjà owó máa ń kún jù. Òru Tafo kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò tó péye ni kéèyàn fi wákàtí wé wákàtí kan náà. Ká ní láàárín ogún ọjọ́ tó kọjá, volume láti aago 8 sí aago 9 àárọ̀ máa ń jẹ́ 3,000. A jẹ́ pé 5,000 tòní pọ̀ gan-an. Ọjà tí atọ́ka pè ní ọjà tó dá, ọjà tó kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni.

Ẹni tí kò bá lè ṣe irú ìṣirò yìí ní ọ̀nà mìíràn tó rọrùn: kó máa lo ọ̀pá ńlá tó ti parí nìkan. Kó jẹ́ kí èyí tó ń lọ lọ́wọ́ wà níbẹ̀ fún ojú lásán, kó má fi ṣe ìpinnu.

4. Ṣé atọ́ka náà ń wo ọjọ́ iwájú?

Àléébù yìí ló ń jẹ́ kí atọ́ka burúkú rí bí èyí tó dára. Òun náà ni àwọn kan fi ń ta atọ́ka fún àwọn ọ̀dọ́ lórí WhatsApp àti Telegram.

Ẹ jẹ́ ká wo àtẹ oníṣẹ́jú 15, tí atọ́ka ń gbé volume wákàtí 4 wá sórí rẹ̀. Ọ̀pá oníṣẹ́jú 15 mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ọ̀pá oníwákàtí 4 kan. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, kọ̀ǹpútà ti mọ àpapọ̀ wákàtí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí wọn kò bá kọ kóòdù náà dáadáa, á mú àpapọ̀ tó pé ní aago 12 ọ̀sán, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá aago 8:15 àárọ̀. Ní aago 8:15, kò sí ẹ̀dá kankan tó mọ iye yẹn.

Nítorí náà, lórí àtẹ àná, atọ́ka dà bí wòlíì. Gbogbo ibi tí ọjà ti gbéra, ó ti kígbe ṣáájú. Àmọ́ lórí òwò tòní, tó ń lọ lọ́wọ́, kò rí nǹkan kan, torí pé ọ̀la kò tíì dé. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọ̀ máa yí padà lẹ́yìn òwò nìyẹn.

Lórí TradingView, tí wọ́n ti ń fi Pine Script kọ kóòdù, ibi tó yẹ kéèyàn wò ni ìlà tó ní request.security. Tí wọ́n bá kọ lookahead_on síbẹ̀, tí kò sì sí [1] lẹ́yìn volume, atọ́ka náà ń wo ọjọ́ iwájú. [1] yẹn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó mú ọ̀pá tó ti parí. Lórí MetaTrader 4, iVolume àti iBarShift ni wọ́n sábà máa ń lò. Iye tí iBarShift bá mú wá, kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un, kó lè mú ọ̀pá tó ṣáájú.

Àtúnṣe yìí ní iye tí èèyàn máa san fún un. Àmì á máa pẹ́ kó tó jáde, àtẹ àná kò sì ní rẹwà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé àtúnṣe ló ba atọ́ka jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí atọ́ka náà ṣe mọ̀ tó gan-an ló hàn síta.

Ẹni tí kò mọ kóòdù kà lè bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè kan: ṣé atọ́ka yìí máa ń dúró kí ọ̀pá ńlá parí kó tó fún wa lámì? Tí olùtajà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán èrè ọ̀sẹ̀ tó kọjá dáhùn, kò tíì dáhùn ìbéèrè náà.

5. Iye àárín ta ni wọ́n ń ṣírò?

Ọ̀pọ̀ atọ́ka ló ń fi volume wé iye àárín ọ̀pá ogún tó ṣáájú. Ibí yìí ni àṣìṣe kan máa ń fara pa mọ́ sí.

Oníṣòwò rò pé ọ̀pá oníwákàtí 4 ogún ni atọ́ka ń ṣírò, ìyẹn wákàtí 80. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí àtẹ oníṣẹ́jú 15 ni ìṣirò náà ti wáyé, ọ̀pá kéékèèké ogún ló kà. Ìṣẹ́jú 15 lọ́nà ogún jẹ́ wákàtí 5 péré. Nínú wákàtí 5, iye ọ̀pá oníwákàtí 4 tí ọ̀rọ̀ kàn kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Iye kan náà ni ó ń kà ní àkàtúnkà, ó wá ń pè é ní iye àárín ogún.

Àmì tí èèyàn fi ń dá a mọ̀ ni pé ìlà iye àárín á máa sá tẹ̀ lé volume kiri, bí òjìji ṣe ń tẹ̀ lé ènìyàn. Ìlà iye àárín gidi kì í sáré bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ń kọ kóòdù náà ṣírò iye àárín nínú sáà ńlá kó tó gbé e wá sórí àtẹ kékeré. Nínú Pine Script, inú request.security ni kí ìṣirò náà wà, kó má jẹ́ ìta.

Ó dára kí èèyàn tún ṣọ́ra fún òdì kejì. Kì í ṣe gbogbo atọ́ka ló lè gbé volume ìṣẹ́jú 15 wá sórí àtẹ oníwákàtí kan. Ọ̀pá kékeré mẹ́rin ló wà nínú ńlá kan, àmọ́ atọ́ka lè mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn wá. Ẹni tó bá fẹ́ wo sáà kékeré, kó ṣí àtẹ kékeré.

6. Ṣé àkọsílẹ̀ náà pé?

Ẹni tó ń gbé ní Ghana mọ ohun tí dumsor jẹ́: iná lọ, iná dé. Nígbà tí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kọ̀ǹpútà kò gba nǹkan kan. Tí ó bá padà, MetaTrader á béèrè àwọn ọ̀pá tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀rọ alágbàtà, á sì fi wọ́n dí àlàfo náà. Àmọ́ atọ́ka kan wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ka tick bí wọ́n ṣe ń wọlé. Irú èyí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná lọ. Òǹkà rẹ̀ á dín kù, kò sì sí bó ṣe máa rí i padà.

Ìṣòro mìíràn ni pé MetaTrader 4 kì í gbé àkọsílẹ̀ gbogbo sáà wá lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí oníṣòwò bá ṣí ló máa ń gbé wá. Tí atọ́ka orí àtẹ oníṣẹ́jú 15 bá béèrè ti wákàtí 4 tí kò tíì sí nílẹ̀, òdo ló máa rí, àṣìṣe tó ní nọ́ńbà 4066 sì lè hàn. Kí oníṣòwò ṣí àtẹ oníwákàtí 4 náà lẹ́ẹ̀kan, kó tẹ bọ́tìnnì Home títí àtijọ́ fi máa jáde, kó tó padà sí àtẹ kékeré.

Ẹ̀yin tó sì jẹ́ pé fóònù nìkan lẹ ń lò, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Áàpù MetaTrader orí fóònù kì í gba atọ́ka tí èèyàn kọ fúnra rẹ̀ tàbí tó rà. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ta irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ fún onífóònù kò ta nǹkan kan fún un.

Ọ̀nà láti dán an wò pẹ̀lú ìwé àti bírò

Kò sí ìdí láti mọ kóòdù kí èèyàn tó lè mú atọ́ka tó ń parọ́. Ìwé kan, bírò kan, àti àkáǹtì demo tí kò ní owó gidi nínú ti tó.

Kí oníṣòwò yan ọ̀pá oníwákàtí 4 kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá oníṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan bá ti parí, kó kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: aago, volume ọ̀pá kékeré náà, àti ohun tí atọ́ka sọ, yálà ó ní ọjà kún ni o tàbí ó dá. Ìlà 16 ló máa wà nínú ìwé. Kó ya àwòrán ojú àtẹ náà pẹ̀lú, kó má baà di ọ̀rọ̀ iyàn.

Nígbà tí wákàtí mẹ́rin bá pé, kó ṣe ohun méjì. Àkọ́kọ́, kó ro volume kéékèèké 16 náà pọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ọ̀pá ńlá mu. Ìkejì, kó padà wo àtẹ, kó fi ohun tí atọ́ka ń sọ báyìí nípa aago 8:15, 8:30 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ wé ohun tó wà nínú ìwé.

Tí àpapọ̀ kò bá pé, aago ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà àkọsílẹ̀. Tí àpapọ̀ bá pé àmọ́ tí ohun tí atọ́ka sọ ti yí padà, ọ̀pá tí kò tíì parí tàbí kóòdù tó ń wo ọjọ́ iwájú ló fà á. Tó bá jẹ́ òdo ló ń hàn, kó wo Tick àti Real, kó sì wo àkọsílẹ̀. Tí ohun gbogbo bá bára mu àmọ́ tí ìlà iye àárín ń sá kiri, ibi karùn-ún nìyẹn.

Kó ṣe ìdánwò yìí lórí ọ̀pá bíi mélòó kan, kí ọ̀kan wà nínú wọn tó bọ́ sí ọ̀sán tí ọjà kún, kí ọ̀kan sì wà ní òru.

Kí ni atọ́ka tó péye lè ṣe?

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tọ́ tán, ohun tí oníṣòwò ní lọ́wọ́ ni òǹkà tó péye. Òǹkà náà á sọ fún un pé èrò pọ̀ lọ́jà tàbí pé èrò kò pọ̀. Kò ní sọ fún un bóyá owó wúrà máa lọ sókè tàbí sódò, torí pé èrò máa ń pọ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn ń tà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pọ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn ń rà.

Owó ilé ìwé ọmọ, owó ilé, owó àjọ tí èèyàn kó fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìwọ̀nyí kì í ṣe owó tí wọ́n ń fi dán atọ́ka wò. Ẹni tó bá sì ti ra atọ́ka, kó má tíì fi owó gidi sílẹ̀ títí tí ìwé ìdánwò rẹ̀ àti àtẹ rẹ̀ fi máa sọ ohun kan náà.

Ìyá tó ń tajà ní Kejetia kò ní ka èrè òní kó tó di pé ó palẹ̀ ọjà mọ́. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń ṣòwò lórí fóònù náà dúró kí ọ̀pá parí.